Títo Sítírímà mọ́ Háí-fáì Ilé ní Kasarawa

Sítírímà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gba orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú díìsìkì tó wà nínú ilé, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ámúpílífáyà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní sípíkà, bọ́tìnì ara wọn kò sì tó nǹkan. Fóònù ni wọ́n fi ń darí wọn. Ipò tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ síídì wà tẹ́lẹ̀ nínú háí-fáì ni òun náà bọ́ sí. Ní ilé kan ní Kasarawa, ní ìlú Sókótó, wáyà rẹ̀ kì í ṣòro í so. Ohun tó ṣòro ni pé ẹ̀rọ yìí gbójú lé nǹkan mẹ́ta tí kò sí níkàáwọ́ onílé: iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìtò tó dára ni èyí tí orin rẹ̀ kì í dákẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀.

Gbígba orin láti ọ̀nà jíjìn sínú pálọ̀ kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ ilé ní Èkó. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939, Kano ní 1944. Redifúṣọ̀n ni orúkọ ètò náà, àwọn Yorùbá sì sọ àpótí rẹ̀ ní asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Onílé ń sanwó oṣù, kò sì lè yan ohun tí yóò gbọ́. Kìkì pé kó gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wáyà bá já, àpótí di igi lásán. Sítírímà ti fún olùgbọ́ ní àǹfààní láti yan orin tó wù ú, ṣùgbọ́n owó oṣù kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu kí wáyà já ní ibi tó jìnnà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni orin orí fóònù máa ń gbà dé inú sítírímà, wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni Bluetooth. Ó yá, ó sì rọrùn, àmọ́ fóònù ló ń ru gbogbo ẹrù: òun ló ń gba orin wọlé, òun ló ń tún un dì kó tó fi í ránṣẹ́, orí rẹ̀ náà ni ìpè ń bá wọlé. Bí ẹni tó ni fóònù bá dìde lọ sí mọ́sálásí tàbí sí ọjà, orin bá a lọ. Èkejì ni AirPlay, tó ń gba orí Wi-Fi. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti Bluetooth lọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù ṣì ni alárinà. Ẹ̀kẹta ni irú èyí tí Spotify gbé jáde ní 2013, tó pè ní Connect. Níbẹ̀, àṣẹ nìkan ni fóònù ń pa. Sítírímà fúnra rẹ̀ ló ń lọ mú orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ń fi fóònù náà sọ̀rọ̀, tàbí tí bátìrì rẹ̀ kú, orin ń lọ.

Ọ̀nà kẹta yìí ló dára jù fún ilé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi orin ló ní in. Apple Music àti Boomplay dé Nàìjíríà ní 2015, Spotify dé ní Oṣù Kejì 2021. Boomplay àti Audiomack, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń lò, kì í sábà sí nínú sítírímà tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí gbogbo orin rẹ̀ wà ní Boomplay tó lọ ra sítírímà olówó ńlá lè rí i pé Bluetooth náà ni yóò padà sí. Ibi tí orin wà ló yẹ kó pinnu ẹ̀rọ tí wọn yóò rà.

Ìṣirò dátà ló tẹ̀ lé e. Orin tó ń wọlé ní 320 kbps, tó jẹ́ ipele gíga fún orin tí wọ́n fún pọ̀, ń jẹ 144 MB ní wákàtí kan. Ilé tó ń gbọ́ orin fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ yóò lo bíi 17 GB lóṣù. Orin tó pé bíi ti síídì, tí wọ́n dì sí FLAC, ń jẹ nǹkan bíi 380 MB ní wákàtí, èyí tó tó 45 GB lóṣù. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí àfikún tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà, nítorí náà ìyàtọ̀ yìí ń kan àpò gan-an. Nínú pálọ̀ tí táìlì wà nílẹ̀, tí fáànù sì ń yí lókè, etí tó lè mọ 320 kbps yàtọ̀ sí FLAC ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó gba 320 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì kó FLAC sí orí díìsìkì inú ilé, ló fi owó sí ibi tó tọ́.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé yàtọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ìtò ti ń wọ́. Ráútà ló so fóònù, sítírímà àti díìsìkì pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí dátà bá tán, tàbí tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì lè máa bára wọn sọ̀rọ̀, bí ráútà bá ṣáà ti ní iná. Ilé tó gbára lé hotspot fóònù ẹnì kan kò ní àǹfààní yìí: nígbà tí onífóònù bá jáde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ti bá a jáde. Ráútà 4G tó dúró lójú kan sàn jù, ìbáà jẹ́ kékeré. Ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ, orin síídì kò sì nílò ju 1.4 Mbps, nítorí náà 2.4 GHz ti tó. Bí sítírímà àti ráútà bá wà nínú yàrá kan náà, kí wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀ ló dára jù.

Ìdí tí ìyàtọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé sí íntánẹ́ẹ̀tì fi ṣe pàtàkì hàn ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta 2024. Lọ́jọ́ náà ni àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ ní agbègbè Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá ń fà bí ìgbín, ibòmíràn kò tilẹ̀ rí i lò. Sókótó jìnnà sí etíkun Èkó tí púpọ̀ nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kò sì sí ohun tí onílé ní Kasarawa lè ṣe sí i. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023, fún àwọn olówó ní ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n owó oṣù lòun náà ń gbà. Orin tó wà lórí díìsìkì inú ilé nìkan ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò kàn.

Kíkó orin sí díìsìkì wá di ìpìlẹ̀ ìtò náà. Díìsìkì 1 TB lè gba orin FLAC tó ju wákàtí 2,500 lọ. Nínú ooru àti eruku Sókótó, SSD tàbí fíláṣì ló yẹ, nítorí kò sí ohun tó ń yí nínú wọn bíi ti díìsìkì àtijọ́. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni orúkọ orin. Olórin kan lè ní orúkọ mẹ́rin nínú fáìlì: Sikiru Ayinde Barrister, Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, Dókítà tàbí Chief níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tàbí láìsí i. Lójú sítírímà, olórin mẹ́rin nìyẹn, àwo rẹ̀ yóò sì fọ́n káàkiri. Bákan náà ni àwọn olórin Haúsá bíi Mamman Shata àti Musa Dankwairo ará Maradun, tí wọ́n ń fi “Alhaji” sí iwájú orúkọ wọn nígbà mìíràn. Ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo fún olórin kọ̀ọ̀kan ń gba onílé lọ́wọ́ ìwákúwàá ọjọ́ iwájú.

Ìṣòro mìíràn wà tó kan orin Yorùbá gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti fújì àtijọ́, ojú àwo kan jẹ́ orin kan tí kò dáwọ́ dúró: ìlù ń gbé ọ̀rọ̀ kan wọnú òmíràn láìsí ààlà. Nígbà tí wọ́n bá gé e sí fáìlì márùn-ún, sítírímà tí kò lè so fáìlì pọ̀ láìdánudúró yóò fi ìdákẹ́ kékeré sí àárín ìlù Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé. Àléébù yìí kì í hàn nínú orin òde òní tó ń parí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ ó ń da ijó rú nínú jùjú. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó sanwó.

Síso sítírímà mọ́ ámúpílífáyà kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Bí ámúpílífáyà bá jẹ́ ti àtijọ́, wáyà RCA, pupa àti funfun, yóò lọ sí ihò AUX, CD tàbí TAPE. Ihò PHONO kò yẹ rárá: ti àwo gíráámù ni, ó ń fẹ ohùn kékeré lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn sítírímà yóò fi ya. Bí ihò OPTICAL bá wà, òun ló dára ní ilé tó ń lo ínfátà àti jẹnẹrétọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá, kò so iná ẹ̀rọ kan mọ́ ti èkejì, ìkùn inú sípíkà kò sì ní gba ibẹ̀ wọlé. Ní ti ìró, kí ohùn sítírímà dúró lójú kan, kí ámúpílífáyà máa gbé e sókè sódò.

Iná ni ìdánwò tó le jù. Láti Kainji ni iná ti ń gba òpó 330 kV dé Birnin Kebbi, kó tó gba ti 132 kV dé Sókótó, níbi tí Kaduna Electric ti ń pín in. Oníbàárà tó wà ní ìsọ̀rí báǹdì A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ti báǹdì E wákàtí 4 péré. Sítírímà fúnra rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lágara, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo iná 5 V bíi ti fóònù, páwà báǹkì sì lè gbé e. Ráútà nílò bátìrì kékeré tirẹ̀, torí bó bá kú, gbogbo ìtò kú nìyẹn. Ámúpílífáyà ló ń jẹ iná jù. Irú ámúpílífáyà tí wọ́n ń pè ní Class D ń jẹ díẹ̀, kì í sì í gbóná tó irú Class AB, àǹfààní ńlá ní ìlú tí ooru rẹ̀ ń kọjá 40°C láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún. Ínfátà tí iná rẹ̀ kò dán bíi ti NEPA máa ń mú kí tiransífọ́mà ámúpílífáyà kùn. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ lè bo ẹ̀rọ nítorí eruku, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti tutù ni.

Ohun kẹta ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Google ta sítírímà kan tó ń jẹ́ Chromecast Audio ní dọ́là 35 láti 2015, ó sì dá a dúró ní Oṣù Kìn-ín-ní 2019. Ní Oṣù Kẹta 2025, ìwé-ẹ̀rí kan tó wà nínú ẹ̀rọ náà kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kárí ayé. Google tún un ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà jẹ àwọn tó ti fi ìkánjú pa gbogbo ètò inú tiwọn rẹ́. Sonos, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, pààrọ̀ áàpù rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 2024, ohun tí àwọn ènìyàn ń lò tẹ́lẹ̀ sì pòórá nínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà fipò sílẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ti Logitech yàtọ̀. Ó dáwọ́ sítírímà rẹ̀, Squeezebox, dúró ní 2012, ó sì ti ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa ní 2024, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ń kọrin dòní, nítorí ètò tó ń fún un ní orin jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Àwọn tó ń lò ó ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí lábẹ́ orúkọ Lyrion Music Server. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi lè gbé e, láìsan kọ́bọ̀ fún ètò náà. Ẹ̀wù àgbàbọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá wọ́n to sítírímà dáadáa. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n yọ síìmù kúrò nínú ráútà, kí wọ́n sì já iná NEPA. Bí àwo tó wà lórí díìsìkì bá ṣì ń lọ, tí fóònù ṣì ń darí rẹ̀, ìtò náà yè. Bí ó bá dákẹ́, ohun tí onílé ń sanwó fún kò ju redifúṣọ̀n tó gbowó lórí lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí owó, lẹ́yìn ti sípíkà, kọ́kọ́ lọ sí iná, lẹ́yìn náà sí díìsìkì àti ráútà. Sítírímà ló kẹ́yìn, èyí tó sì lè ka fáìlì inú ilé láìwọlé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ, kódà bí kò bá gbówó lórí.