Síkì Tí Ó Ní Òun Mọ Gbogbo Òkè

Ní oṣù kejì ọdún 2014, orílẹ̀-èdè Tógò kópa nínú ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Sochi ní Rọ́ṣíà. Obìnrin méjì ni ó gbé orúkọ wa lọ síbẹ̀. Mathilde-Amivi Petitjean, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, tí a sì tọ́ dàgbà ní Haute-Savoie ní ilẹ̀ Faransé, sá eré kìlómítà 10 lórí síkì ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ski de fond. Alessia Afi Dipol, ọmọ Ítálì tó yàn láti díje fún Tógò, kópa nínú síkì ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ìyẹn slalom àti slalom géant. Àsíá kan náà ni àwọn méjèèjì gbé, ìdíje kan náà ni wọ́n lọ. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ síkì wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ì bá ṣe eré tirẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Síkì ọ̀nà jíjìn tín-ín-rín, ó sì fúyẹ́. Fífẹ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń sáré kò ju nǹkan bíi mìlímítà 45 lọ; kò ní etí irin; gìgísẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń gbéra ní gbogbo ìṣísẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń ti ara síwájú. Síkì ìsọ̀kalẹ̀ wúwo jù ú lọ, ó ní etí irin tí ń gé ojú yìnyín bí ọ̀bẹ, ó sì di gìgísẹ̀ mú ṣinṣin. Dipol gan-an kò lè fi ẹyọ kan ṣe eré rẹ̀ méjèèjì. Òfin àjọ síkì àgbáyé, FIS, béèrè nígbà náà pé kí síkì slalom ti obìnrin gùn tó sẹ̀ǹtímítà 155 ó kéré tán. Ti slalom géant ní láti gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìtẹ̀kọrọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti òbìrípo tí ìdajì ìbú rẹ̀ kò dín ní mítà 30. Ọ̀kan wà fún yíyí kúkúrú kúkúrú, èkejì wà fún yíyí gbọọrọ.

A mú ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí ohun tí ń dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ti Lomé lọ kàwé ní Grenoble, ní Chambéry tàbí ní Lyon. Bí òtútù àkọ́kọ́ bá ti dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yóò pè wọ́n lọ sí òkè. Nínú ilé ìtajà, síkì tí wọn yóò kọ́kọ́ nà sí wọn ni èyí tí a kọ all-mountain sí lára, tí olùtajà sì ń pè ní polyvalent. Kí a pè é ní síkì gbogbo-òkè ní èdè tiwa. Orúkọ náà ń wí pé ẹyọ kan tó fún ohun gbogbo. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Èrò tiwa ni pé orúkọ náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán. Síkì rere ni fún ẹni tí ó yẹ, àwọn tí ó yẹ sì kéré sí àwọn tí a ń tà á fún.

Àwa tí a mọ etí òkun Kpogan kò nílò kí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí. Ọkọ̀ tí àwọn apẹja ń tì wọ inú òkun gùn, iwájú rẹ̀ ga sókè, igi rẹ̀ sì nípọn, nítorí pé ìgbì tí ń fọ́ sí èbúté ni ó ní láti kọ́kọ́ là kọjá. Ọkọ̀ tí ń bẹ lórí adágún Tógò, níhà Agbodrafo àti Togoville, kéré, ó fúyẹ́, ọ̀pá lásán ni ènìyàn kan sì lè fi tì í nínú omi tí kò jìn. Oníṣẹ́ ọkọ̀ lè gbẹ́ èyí tí ó wà láàárín méjèèjì. Ní ọjọ́ tí ara òkun bá rọ̀, yóò lọ, yóò bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí apẹja kan tí yóò ra ọkọ̀ láìkọ́kọ́ béèrè pé, omi wo ni mo fẹ́ fi tù? Ìbéèrè yẹn gan-an ni a ń gbàgbé nígbà tí a bá dé iwájú síkì.

Ó rọrùn láti gbàgbé, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ní fún ohun tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run ní ilẹ̀ òtútù. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá dojú kọ ìṣòro yìí ṣáájú wa. Nínú Sáàmù 51, níbi tí èdè mìíràn ti dárúkọ òjò dídì, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tí kò rí òjò dídì rí lè mọ bí nǹkan náà ti funfun tó. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ̀n òwú lè fi hàn wá. Òjò dídì máa ń yí ìwà padà, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ rọ̀ bí ìyẹ́, ẹsẹ̀ a sì rì sínú rẹ̀ dé orúnkún. Èyí tí ẹ̀rọ ti tẹ́ ní òru le, ó sì tẹ́jú. Èyí tó yọ́ ní ọ̀sán àná tó tún dì ní òru ti di yìnyín, ó ń dán bí awo. Bí ìgbà ìrúwé bá sì dé, oòrùn ọ̀sán a sọ ọ́ di ohun tó tutù tó sì wúwo bí iyanrìn tí omi òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní síkì tí ó fẹ́.

Nítorí náà, kí a fi orúkọ sílẹ̀ kí a ka nọ́ńbà. Lára síkì ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí, bí àpẹẹrẹ 128-88-112. Èkíní ni fífẹ̀ iwájú, èkejì ni fífẹ̀ ìbàdí síkì lábẹ́ bàtà gan-an, ẹ̀kẹta ni fífẹ̀ ìdí. Mìlímítà ni gbogbo wọn. Ìbàdí ni kí a kọ́kọ́ wò. Síkì tí a ṣe fún ọ̀nà títẹ́ sábà máa ń ní ìbàdí tó wà láàárín 65 sí 80. Ti gbogbo-òkè wà láàárín nǹkan bíi 80 sí 100. Èyí tó bá ju 105 lọ, òjò dídì jíjìn ni ó ń wá. Kò sí òfin tó de àwọn ààlà wọ̀nyí. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sún wọn síwá sẹ́yìn. Ibi tí orúkọ náà ti kùnà jù lọ nìyí. Síkì tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 82 àti èyí tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 98 ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé ìtajà, ìwà wọn kò sì jọra lórí òkè.

Ìbàdí tín-ín-rín máa ń jẹ́ kí síkì yára kúrò lórí etí kan bọ́ sórí èkejì, kí ó sì di yìnyín mú. Ìbàdí fífẹ̀ ń mú kí síkì léfòó lórí òjò dídì tó jìn, ṣùgbọ́n lórí ojú líle, orúnkún ni ó ń ṣe wàhálà láti gbé e dúró lórí etí. Bákan náà ni orí síkì. Ọ̀pọ̀ síkì gbogbo-òkè ni wọ́n tẹ orí rẹ̀ sókè láti ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ṣóńṣó, kí ó má baà gún òjò dídì rírọ̀ wọlé. Èrè wà nínú rẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé etí tó ń kan ilẹ̀ líle yóò kúrú. Kò sí ohun tí síkì yìí rí gbà níhìn-ín tí kò san owó rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹnìkan lè ta kò wá pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí àwọn tó mọ síkì dáadáa fi ń rà á? Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ènìyàn púpọ̀ kò lè ní ju síkì kan lọ, òkè kan sì lè fi gbogbo irú òjò dídì hàn wọ́n láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ojú líle, wọn yóò yà sínú igi ní ọ̀sán, wọn yóò sì gba orí òjò dídì yíyọ́ padà sílé. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, síkì tó dára díẹ̀ níbi gbogbo sàn ju èyí tó dára púpọ̀ níbì kan tó sì ń fìyà jẹ ni níbi tó kù. Síkì òde òní sì rọrùn yí ju ti àtijọ́ lọ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Elan ti Sìlòféníà ti gbé SCX jáde ní ọdún 1993, tí ìbàdí rẹ̀ wọnú gan-an, ni síkì gígùn tó rí gbọọrọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́jà. Gbogbo-òkè jẹ ogún yìí, a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìdáhùn yẹn gan-an ti sọ ẹni tí síkì náà yẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọ́n ni, tó lè yí sọ́tùn-ún sósì lórí ọ̀nà títẹ́ láìbẹ̀rù, tó sì ń kúrò lórí ọ̀nà títẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń dúró kò tíì dé ibẹ̀. Síkì kúkúrú, rírọ̀, tí ìbàdí rẹ̀ kò fẹ̀, ni yóò dárí jì í nígbà tó bá ṣìṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó sì fẹ́ràn láti máa sáré lórí ojú líle láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹrù tí kò ní lò ni mìlímítà tó lé lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ẹni tó ń lépa òjò dídì jíjìn nìkan yóò rí i pé kò fẹ̀ tó.

Ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà lórí síkì fi kún ẹ̀rí yìí. Lamine Guèye ti Sẹ̀nẹ̀gàl ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó díje nínú síkì ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní Sarajevo ní ọdún 1984. Kwame Nkrumah-Acheampong ti Gánà, tó díje nínú slalom ní Vancouver ní ọdún 2010, bẹ̀rẹ̀ síkì nínú ilé, ní Milton Keynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe òjò dídì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúkúrú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí igbó láti yà sí, kò sì sí òjò dídì jíjìn. Orí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ dé ibi gíga. Ní ilẹ̀ tiwa, òkè Agou, tó ga jù lọ ní Tógò, ga ní mítà 986, òjò dídì kì í bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ síkì lórí ilẹ̀ Áfíríkà yóò lọ sí Oukaïmeden ní Mòrókò tàbí Afriski ní Lèsótò. Ní Lèsótò, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú òjò dídì, lórí ọ̀nà tí kò gùn. Síkì tín-ín-rín ni ibẹ̀ ń bèèrè.

Owó àti ara ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, tí yóò gun òkè ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ọdún kan, kò ní ìdí láti ra síkì kankan. Kí ó yá a. Chamrousse kò jìnnà sí Grenoble, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe eré síkì ìsọ̀kalẹ̀ nígbà Òlíńpíìkì ọdún 1968. Ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè yá ìbàdí 75 ní òní kí ó yá 90 ní ọ̀la, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Bí owó bá wà, bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu ni kí ó kọ́kọ́ rà, nítorí pé bàtà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ síkì. Kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣètò ìdè tó so bàtà mọ́ síkì gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀. Bí ìdè kò bá tú nígbà tó yẹ, orúnkún ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Eegun orúnkún kò sí nínú ohun tí à ń yá.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bí o bá ti lè yí dáadáa, bí òkè rẹ bá ní ojú líle àti òjò dídì rírọ̀ ní ọjọ́ kan náà, bí o bá sì ń lọ síbẹ̀ tó láti ní síkì tìrẹ, gbogbo-òkè yẹ ọ́. Mú ìbàdí tó sún mọ́ 80 bí ọ̀nà títẹ́ bá pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ, èyí tó sún mọ́ 100 bí òjò dídì rírọ̀ bá pọ̀ jù. Kí gígùn rẹ̀ sì wà láàárín àgbọ̀n àti orí rẹ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kù, ní sùúrù. A kì í wo aago aláago ṣiṣẹ́. Síkì tó yẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè lè máà yẹ ìwọ tí o kọ́ ìrìn lórí iyanrìn. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Ìmọ̀ ara ẹni ni.