Ẹ Yé Dágbére fún Òkè Ìdànrè

Irú àròkọ kan wà tí gbogbo wa ti kà rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ ọ́ gun Òkè Ìdànrè, ó ka àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárò: ó dàbọ̀ o, ìlú àwọn baba wa! Iye àtẹ̀gùn gan-an ò bára mu láàárín wọn. Ẹnì kan ní 660, ẹlòmíì ní 682. Ìyẹn ò dùn mí. Ẹni tí ọ̀fun ti gbẹ, ṣé ó ṣì lè kà á pé? Ẹkún yẹn ni èmi ń bá ṣẹjọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Ìdànrè kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1923. Wọ́n fi ààfin sílẹ̀, wọ́n fi kóòtù àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àmọ́ wọn ò sọ pé ó dàbọ̀. Títí dòní, bí oṣù Karùn-ún bá dé, ọdún Ọ̀rọ̀sùn dé nìyẹn, orí òkè ni wọ́n sì ń lọ. Ta ló ń dágbére fún ibi tó ṣì ń lọ ṣọdún?

Wọlé Ṣóyínká ṣe é dáadáa jù wá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ewì gígùn rẹ̀, Idanre, tó kọ fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Commonwealth lọ́dún 1965, tó sì jáde nínú ìwé lọ́dún 1967, kò bá òkè yẹn kẹ́dùn rárá. Ògún ló ń rìn nínú rẹ̀. Àtúndá yí àpáta lu ọ̀gá rẹ̀, òrìṣà kan ṣoṣo fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó di ọ̀pọ̀. Lójú tèmi, ìyẹn sún mọ́ Ìdànrè ju gbogbo fọ́tò oòrùn-ń-wọ̀ wa lọ: ohun tó fọ́ níbẹ̀ ò kú, ó pín ni. Ilé wà nísàlẹ̀, òrìṣà wà lókè. Àròyé tí mo ní sí ewì náà ni pé òrìṣà pọ̀ níbẹ̀ ju onílé lọ. Ìyá tó ru ìkòkò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, tó fi ààrò sílẹ̀, mi ò rí i níbẹ̀.

Ẹkún wa léwu, torí ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Amọ̀ ni ògiri ààfin àtijọ́ yẹn, òpó igi gbígbẹ́ ló wà ní àgbàlá rẹ̀. Ilé amọ̀ kì í sì í ṣàdédé wó torí pé ó dàgbà. Òrùlé ló kọ́kọ́ ń jò. Omi á gba orí ògiri wọlé, ògiri á rọ̀, òjò ọdún mìíràn á wá gbé e lọ. Páànù ló nílò, kì í ṣe ewì (ẹ̀yin akéwì, ẹ má bínú). Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti di Ogún Àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO láti 2005. Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sórí ìwé àwọn tó ń retí ní 2007. Ibẹ̀ náà ló ṣì wà.

Tí ẹ bá tún gun òkè yẹn, ẹ fi àtẹ̀gùn sílẹ̀ ná. Ẹ wo orí ògiri, ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, ká lè mọ ògiri tó dúró lọ́dún tó kọjá tí kò sí níbẹ̀ mọ́.