Fáìlì Hẹ́dà Nínú Èdè C: Ìrísí, Iṣẹ́ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a fi èdè C kọ, oríṣi fáìlì méjì ló sábà máa ń wà. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ń parí sí .c, inú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an ti ń wáyé. Orúkọ ti èkejì ń parí sí .h, òun ni wọ́n ń pè ní fáìlì hẹ́dà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà a máa fojú kéré hẹ́dà, nítorí kò jọ pé ó ń ṣe iṣẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti dàgbà, ọwọ́ hẹ́dà ni ìrọ̀rùn tàbí ìnira rẹ̀ wà.

Bí a bá ṣí fáìlì hẹ́dà kan, orúkọ àwọn fọ́ńṣọ̀n la ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú irú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà àti irú ohun tó ń dá padà. A ó tún rí àpèjúwe àwọn struct, ìyẹn àkójọ dátà lábẹ́ orúkọ kan, àti àwọn nọ́ńbà tí a fún lórúkọ. Ó dà bí pátákó tí ìyá olóúnjẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà búkà: ó sọ ohun tó wà fún títà, kò sọ bí wọ́n ṣe sè é. Fáìlì tó bá fẹ́ lo àwọn fọ́ńṣọ̀n náà yóò kọ ìlà #include. Kí kọ̀ǹpáílà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò tí wọ́n ń pè ní preprocessor yóò ti da gbogbo ọ̀rọ̀ inú hẹ́dà yẹn sí ojú ìlà náà, bí ẹni pé ọwọ́ la fi kọ ọ́ síbẹ̀.

Dennis Ritchie ló ṣẹ̀dá èdè C ní Bell Labs, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kò sí #include nínú rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Nǹkan bí ọdún 1972 sí 1973 ni wọ́n fi kún un, lẹ́yìn tí Alan Snyder ti rọ̀ wọ́n, tí àwọn náà sì ti rí i pé irú rẹ̀ wúlò nínú èdè BCPL àti PL/I.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí hẹ́dà kan bá fi #include pe òmíràn, tí ìyẹn náà sì tún pe òmíràn. Ní ọdún 1984, àwọn tó yẹ ps.c wò, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi kọ àṣẹ ps ti Unix, rí i pé hẹ́dà kan ṣoṣo, sys/stat.h, wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 37. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló wúlò. Ohun tí kò jẹ́ kí ìgbà 36 yòókù dá àṣìṣe sílẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tí a ń fi sí hẹ́dà: a ó kọ #ifndef àti orúkọ kan sókè, a ó kọ #define àti orúkọ kan náà tẹ̀ lé e, a ó sì fi #endif pa á dé nísàlẹ̀. Bí hẹ́dà náà bá tún padà wá, orúkọ yẹn ti wà nílẹ̀, preprocessor yóò sì fo gbogbo rẹ̀.

Kò yẹ kí hẹ́dà kankan wà láìní ẹ̀ṣọ́. Síbẹ̀, agbára ẹ̀ṣọ́ náà ní ààlà. Bí hẹ́dà méjì bá ń pe ara wọn, ẹ̀ṣọ́ á dá àyípo náà dúró, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn yóò dé ibi tó ti nílò struct èkejì kí kọ̀ǹpáílà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Oògùn tí mo kà sí pàtàkì jù ni kí a dárúkọ struct láìṣí inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo task_struct nínú ètò Linux, níbi tí wọ́n ti kó gbogbo ohun tí ètò náà mọ̀ nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ lórí ẹ̀rọ sí. Inú hẹ́dà sched.h ni àpèjúwe rẹ̀ wà, ó sì gùn gan-an. Ọ̀pọ̀ hẹ́dà mìíràn kò ju kí wọ́n gba atọ́ka (pointer) sí i lọ. Dípò kí irú wọn pe sched.h pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, ìlà kan péré tó wọn: struct task_struct, pẹ̀lú àmì ; ní ìparí. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé kọ̀ǹpáílà mọ bí atọ́ka ṣe tóbi tó láìmọ ohun tó ń tọ́ka sí. Bytes 8 ni lórí ẹ̀rọ 64-bit. Fáìlì .c tó fẹ́ ka ohun inú struct náà nìkan ló ní láti pe sched.h. Bí hẹ́dà bá sì fẹ́ gbé odindi struct sínú struct tirẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá, ó ní láti rí àpèjúwe rẹ̀ ní kíkún.

Ohun kejì ni pé kí fáìlì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ pe hẹ́dà tó ń lò. Ọ̀pọ̀ fáìlì ló ń lo printf láìpe stdio.h tó kéde rẹ̀, kìkì nítorí pé hẹ́dà mìíràn ti bá wọn pè é. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún hẹ́dà yẹn ṣe, tó yọ ohun tí kò wúlò fún un mọ́, fáìlì tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Ètò make, tí Stuart Feldman kọ ní Bell Labs ní ọdún 1976, ń wo àkókò tí a yí fáìlì padà kó tó pinnu èyí tí kọ̀ǹpáílà yóò tún ṣe. Bí a kò bá sọ fún un pé fáìlì .c kan gbára lé hẹ́dà kan, kò ní tún un ṣe nígbà tí hẹ́dà bá yí padà. Ewu ńlá ni èyí. Apá kan ètò náà yóò máa lo ìrísí struct ti àtijọ́, apá kejì yóò máa lo tuntun, a ó sì so wọ́n pọ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan, nítorí orúkọ nìkan ni ètò tó ń so wọ́n pọ̀ ń wò. Kí a má fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ hẹ́dà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbára lé rárá. Kọ̀ǹpáílà gcc tí a bá fún ní -MMD yóò kọ ọ́ fún wa.

Bí iṣẹ́ títọ́jú hẹ́dà ṣe lè wúwo tó hàn ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí Ingo Molnar, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ Linux, gbé àtúnṣe hẹ́dà Linux jáde. Ó lé ní ọdún kan tó fi ṣe é, àtúnṣe tó lé ní 2,200 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ròyìn pé iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà lórí odindi Linux yá sí i ní ìdá 50 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì kéré lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn: kí fáìlì .c kọ̀ọ̀kan fi hẹ́dà tirẹ̀ ṣe #include àkọ́kọ́. Bí hẹ́dà náà bá ń fi ara ti òmíràn láìsọ, ojú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpáílà yóò ké jáde, orúkọ ohun tó sọnù yóò sì wà nínú ìkìlọ̀ rẹ̀.