Kíkọ́, Kíkọ àti Kíkọ̀: Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aṣaralóge ní Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ àròkọ yìí. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni kíkọ́, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Èkejì ni kíkọ, bí olóòlà ṣe ń kọ ilà sí ojú ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni kíkọ̀, bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òun kò níí ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní aṣaralóge, ìyẹn ẹni tí ó ń fi ìtọ́jú awọ ara, ojú, irun àti èékánná ẹlòmíràn wá oúnjẹ òòjọ́, kò lè ṣe kí ó má bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Adó-Èkìtì lónìí, méjì péré ni a ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta kò sí nínú ẹrù tí ọ̀gá ń dì fún un, ara oníbàárà ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rìn láti Òkèṣà dé Ọjà Ọba, tàbí tí ó gba títì Ìwòròkò lọ sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò níí pẹ́ rí i pé iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ láàrin wa. Ó ní ìdí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ti pọ̀ sí i níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti Politẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ ṣe oge. Bí ọjọ́ Sátidé bá pé, ìyàwó tuntun kì í wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí àtijọ́ ti wá fẹ̀ ju ti àná lọ: wọ́n ń fọ ojú níbẹ̀, wọ́n ń tún èékánná ṣe, wọ́n ń kun ojú ìyàwó, wọ́n sì ń ta ìpara. Ní Èkìtì tiwa yìí, níbi tí a ti ń fi ìwé kíkà yangàn, ẹni tí ó ti gba oyè ní yunifásítì kò tijú mọ́ láti jókòó sórí àpótí kí ó máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò kàwé tó o. Inú mi dùn sí èyí. Ojú àbùkù tí àwa aláwé fi ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ti pẹ́ jù.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì ni ó pè mí síbi ayẹyẹ ìgbòmìnira rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí fíríìdọ́ọ̀mù. Lítíréṣọ̀ alohùn àti eré oníṣe ni iṣẹ́ mi. Ojú tí mo fi ń wo eré ni mo fi wo ayẹyẹ náà. Ó wú mi lórí. Ọ̀gá jókòó, ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ wà nínú àwo: kóòmù, síṣọ́ọ̀sì, búrọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi, àpótí àtíkè. Ọ̀gá ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wúre sí wọn, ó sì ń fi wọ́n lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń ṣe àmín. Òbí ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń da omi ayọ̀ lójú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n sì ya àwòrán. Kò sí ìpele kan tí kò nítumọ̀. Ìkúnlẹ̀ ń sọ pé ẹnìkan ni ó kọ́ mi. Irinṣẹ́ ń sọ pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn òbí àti ẹgbẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ti rí eré orí ìtàgé tí a náwó lé lórí tí kò mọ́yán lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ìbúra rẹ̀ ni ó mú mi ronú. Ọmọ iṣẹ́ náà búra pé òun kò níí já oníbàárà gbà lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ó búra pé òun kò níí ṣí ṣọ́ọ̀bù sí tòsí ti ọ̀gá, pé òun kò níí ta ọjà sí iye tí ó rẹlẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ lọ, pé òun yóò máa san owó ẹgbẹ́ déédéé. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀gá àti ẹgbẹ́ ni gbogbo ìbúra náà ń dáàbò bò. Oníbàárà tí yóò di ojú rẹ̀, tí yóò gbé orí sẹ́yìn, tí yóò sì fi awọ ara rẹ̀ lé ọmọdébìnrin yìí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí ó dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í pé: bí ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì bá wá bá ọ pé kí o sọ òun di aláwọ̀ pupa, kí ni ìwọ yóò wí? Ayẹyẹ náà wúre púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dán ẹnikẹ́ni wò.

Kí ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì lè yé wa, ó yẹ kí a padà sí ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà pín oge ara. Ọ̀nà méjì ni. Oge kan wà tí ó ń lọ. Osùn ń ṣí, tìróò ń parẹ́, làálì ń ṣá. Ní ti bùjé, tí a fi ń ya ọnà dúdú sí ara, òwe ti sọ gbèdéke rẹ̀ fún wa: oge ìnàbùjé kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Irun dídì náà ń bẹ nínú ọ̀wọ́ yìí. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, bó ti wù kí ó gún tó, ọjọ́ títú ń bọ̀. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere (1930-2014) bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, èyí tí ó yà sì súnmọ́ 1,000. Ẹ̀yìn orí ni ó yà jù nínú wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà náà wà. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán náà yóò rí i pé ohun tí kò níí pẹ́ tú ni ọkùnrin yìí ń sáré gbà sílẹ̀.

Oge kejì kì í lọ. Ilà ojú àti fínfín ni. Abẹ ni a fi ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ a sì jáde. Ìdí nìyí tí kò fi jẹ́ iṣẹ́ onídìrí. Olóòlà ni ó ni ín, ọmọ Ògún ni, ìdílé ni ó sì ti ń kọ́ ọ. Òun náà ni ó ń dá abẹ́ fún ọmọ, tí ó ń fi omi ìgbín tu ojú egbò. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí ọwọ́ kan náà máa ṣe oge tí ń ṣí àti oge tí kì í ṣí, kí ó má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù òde òní, abẹ́ òrùlé kan náà ni oge méjèèjì ń gbé. Àtíkè àti ìkunra ètè jẹ́ bùjé: omi àti ọṣẹ yóò fọ̀ wọ́n lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìpara ìbóra, ilà ni. A kò rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyí tí a kò fi mọ̀ ọ́n ní ilà. Mẹ́kúrì tí ó wà nínú òmíràn ń dí awọ lọ́wọ́ láti pèsè èròjà tí ó ń sọ ọ́ di dúdú, èyí tí ó jẹ́ ààbò wa lọ́wọ́ oòrùn. Ó sì ń gba awọ wọ inú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Kì í dúró lára ẹni tí ó fi para nìkan, ó ń bá aṣọ ìnura dé ara àwọn ará ilé. Bí a bá lo hydroquinone pẹ́, ó lè dá àbààwọ́n dúdú aláwọ̀ aró sí ojú tí a fẹ́ kí ó pupa. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jinná lára rẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi ọmọ tí ń sunkún lábẹ́ abẹ lọ́kàn balẹ̀ pé bí ilà bá jinná, a di oge. Ilà tí mo ń sọ yìí kì í jinná.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Fela ti fi orin rẹ̀ tí ó pè ní Yellow Fever bá wa wí lórí rẹ̀ ní ọdún 1976. Àjọ NAFDAC fi òfin de mẹ́kúrì nínú ohun ìṣaralóge. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì ní ọdún 2018, ní ọdún 2023 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn náà pinnu pé kí mẹ́kúrì kúrò pátápátá nínú ohun ìṣaralóge nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Àbùkù tí mo rí sí gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyí ni pé obìnrin tí ó ń bóra, tàbí oníṣòwò tí ó kó ìpara wọlé, ni wọ́n kọjú sí. Àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ iṣẹ́ jókòó sí, tí ó ń fi ṣíbí po ìpara mọ́ ìpara nínú ike tí kò ní àkọlé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ṣe fi hàn án. Ó ń kọ ilà, kò sì mọ̀ pé ilà ni òun ń kọ.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ. Olóòlà kò bi ọmọ ọwọ́ léèrè kí ó tó gbé abẹ lé e lójú, bí ìyá àti baba bá sì ti ní kí ó kọ ọ́, kì í kọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni ó wá sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ọmọ lára tàbí kí ó kọ ilà fún un. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí a bá fi kíkọ̀ sílẹ̀ fún inú rere oníṣẹ́ nìkan, a ó dúró pẹ́. A ní láti fi í sínú ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ṣé ilé-ìwé lè ṣe èyí? Ní ọdún 2011, iṣẹ́ ìṣaralóge wà lára iṣẹ́ 34 tí ìjọba fi kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí wọ́n tún ètò náà ṣe ní ọdún 2025 tí wọ́n dín àwọn iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní ìlú òyìnbó, wákàtí ni wọ́n ń kà. Wákàtí 600 ni akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú awọ ara gbọ́dọ̀ pé ní ìpínlẹ̀ New York kí ó tó gba ìwé àṣẹ. 750 ni ti Texas. Ṣùgbọ́n wákàtí nìkan kò mọ bùjé yàtọ̀ sí ilà. Ní Dallas, ní Texas yìí kan náà, wọ́n mú Isis Brantley, onídìrí aláwọ̀ dúdú, ní ọdún 1997 nítorí pé ó ń dirun láìní ìwé àṣẹ. Ó di ọdún 2015 kí adájọ́ tó dá a láre, kí ìpínlẹ̀ náà sì tó yọ irun dídì kúrò lára ohun tí ó ń béèrè ìwé àṣẹ. Ohun tí òwe bùjé ti sọ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni òfin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Ìwé lè kọ́ ọmọ ní orúkọ oògùn àti ewu rẹ̀. Kò lè kọ́ ọ bí a ti ń jẹ́ kí owó kọjá lọ. Ìyẹn, ojú ni a fi ń kọ́ ọ: ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀gá rẹ̀ tí ó dá oníbàárà padà ní ọjọ́ tí kò sí owó nílé. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ilé-ìwé gba ipò ọ̀gá. A máa ń wí pé ìwà lẹwà, a sì máa ń fi òwe náà kìlọ̀ fún ẹni tí ó ṣe oge. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń ṣe oge fún ẹlòmíràn ni òwe náà ń bá wí jù. Ẹwà lè jẹ́ ti oníbàárà. Ìwà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ náà, mo yà kí akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ìyàwó kan ti wá bá òun gẹ́gẹ́ bí mo ti rò ó gan-an, òun sì sọ fún un pé òun kò níí ṣe é. Ìyàwó náà bínú, ó gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ. Gbogbo ọ̀rẹ́ ìyàwó tí ìbá wá kun ojú ni ó bá a lọ. Mo yìn ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n onílé mi kì í gba ìyìn." N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni ó sọ: bí ẹnìkan bá kọ̀ tí ẹgbẹ́ kò kọ̀, ìyà ni yóò jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti ní ayẹyẹ, ẹ ní ẹlẹ́rìí, ẹ ní ìbúra tí ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó ta ọjà ní ẹ̀dínwó, ẹ lè fi jẹ ẹni tí ó po ìpara ìbóra. Ẹ fi gbólóhùn kan kún ohun tí ọmọ ń wí lórí ìkúnlẹ̀, kí gbogbo wọn lè jọ kọ̀ ọ́, kí ó má sì sí ṣọ́ọ̀bù kejì tí oníbàárà yóò gbà lọ: "N kò níí kọ ilà sí ara ẹni tí ó wá ṣe bùjé."