Ẹ̀tọ́ Òbí àti Ahọ́n Ọmọ: Àyẹ̀wò Abala 23 Òfin Ẹ̀tọ́ Kánádà

Abala 23 Òfin Ẹ̀tọ́ Kánádà (1982) ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ní àwọn ẹkùn tí elédè Faransé ti kéré níye, abala yìí fún ọmọ ilẹ̀ Kánádà ní ẹ̀tọ́ láti fi ọmọ sí ilé-ìwé Faransé, bí Faransé bá jẹ́ èdè tí òun òbí kọ́kọ́ gbọ́, tí ó sì ń gbọ́ síbẹ̀. Bí ó bá fi í kẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà. Tàbí bí ọmọ rẹ̀ kan bá ti ń fi í kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

A ó rí i pé abala náà kò béèrè ohun tí ọmọ gbọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ Faransé rárá lè wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ ará Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ìlànà kìn-ín-ní kò gbè é: Yorùbá ni òbí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Ní èrò tiwa, ti ọmọ àkọ́kọ́ kì í ṣe àléébù. Àtúnṣe ni òfin náà wà fún, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba èdè òbí lẹ́nu ọmọ. A kì í tìtorí àìsàn lé aláìsàn kúrò nílé oníṣègùn. Ti ọmọ kejì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ní 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà fi hàn pé ìjọba gbọ́dọ̀ ro ète abala náà, kódà bí òbí tí ń tọrọ àyè kò bá ní ẹ̀tọ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa olùdánwò. Kí ìdánwò èdè fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Kí ó má ṣe di ìlẹ̀kùn.