Ògiri Oníhò: Lámèyítọ́ lórí Ilé Ìgbàlódé ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Òṣogbo

Àwọn kan lè máa béèrè pé kí ló kan babaláwo nínú iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Ó kàn wá. Ẹni tí wọ́n ń pè kó wá dífá kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ láàárín ọ̀rúndún ogún. Ìbéèrè kan ṣoṣo la ó fi wọ̀n wọ́n: ta ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó kọ́ ọ?

Ìbàdàn

Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ló yàwòrán Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948. Kí ogun tó dé, Fry ti bá Walter Gropius, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus sílẹ̀ ní Jámánì, ṣiṣẹ́ pọ̀ ní London. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tọkọtaya náà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ètò ìlú. Wọ́n rí i pé ilé tó bá London mu kò lè bá oòrùn wa mu. Wọ́n wá fi ilé ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Wọ́n gbé ògiri kọnkéré oníhò síwájú rẹ̀. Ẹ lọ wo ilé ìkàwé ibẹ̀, tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí. Iwájú rẹ̀ rí bí ajere.

A gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n bi. Wọn ò bi onílé. Ihò ara ògiri yẹn kò sọ nǹkan kan, bátànì lásán ni. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn tí oòrùn ti ń mú, kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò ní Ìbàdàn. Àwọn baba wa náà mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́: ojú àkòdì ṣí sókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Àmọ́ àkòdì ju ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ. Ibẹ̀ lọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ la ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà la ti ń bọ òrìṣà ilé.

Ifẹ̀

Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, àti Eldar ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú A. A. Egbor ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe ti Yunifásítì Ifẹ̀, tó kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lọ́dún 1967. Nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí apẹ̀rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Àjà òkè ló ń ṣe ibòòji fún ti ìsàlẹ̀, òun náà ló ń gba òjò fún un. Ilé yìí kò nílò kí wọ́n wọ ajere fún un; òun fúnra rẹ̀ ni agboòrùn. Ìsàlẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ sì ti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lójú tiwa, ó sún mọ́lé ju ti Ìbàdàn lọ.

Òṣogbo

Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Láwọn ọdún 1960, ó mú sìmẹ́ńtì kan náà, ó mú ihò kan náà, ó sì fi ṣe èèyàn àti ẹranko sára ògiri, ní ilé epo kan ní Òṣogbo, àti nínú igbó Ọ̀ṣun níbi tó ti bá Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ kọjá, ògiri náà sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i? Ohun tí Fry àti Drew fi sílẹ̀ láìparí, bíríkìlà ló parí rẹ̀.

Àwa ńkọ́?

Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù wọ̀lú, ọ̀pọ̀ onílé fi dígí dí ihò. Ẹ má jẹ́ ká di ẹ̀bi ru òyìnbó nìkan. Ìgbà táwa náà fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wa, a bi Ifá nípa ilẹ̀, Ifá sì fọre. Àfi bí a ṣe gba àwòrán ilé tó jẹ́ kìkì dígí, torí pé ó ń dán. Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, iná lọ. Òógùn bo àwọn àgbà, abẹ́ igi máńgòrò la ti parí ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ kò lẹ́bi o. A bi Ifá nípa ilẹ̀, a ò bi oòrùn nípa ògiri, a ò sì bi àwọn àgbà ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí.

Torí náà, kí ẹgbẹ́ kankan tó tún fọwọ́ sí àwòrán tẹ́ńpìlì, ẹ kó ìgbìmọ̀ yín lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Ẹ dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ tún dúró nígbà òjò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe bíríkìlà yín mọ́ra, kí ẹ bi í léèrè ohun tó lè fi sìmẹ́ńtì sọ.