Ìyà Ìgbà Èwe àti Ìwà Àgbà nínú Purple Hibiscus

Ó rọrùn láti ka Eugene, ẹ̀dá ìtàn Chimamanda Adichie nínú Purple Hibiscus (2003), sí baba òǹrorò lásán. Ní èrò tiwa, ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà èwe rẹ̀, àlùfáà Àgùdà tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ bọ omi gbígbóná nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí ó di baba, irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó dà sí Kambili ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí pé ó bá baba-ńlá rẹ̀ tí kì í ṣe onígbàgbọ́ gbé inú ilé kan. Ó sì ń sunkún bí ó ti ń dà á. Ìyà àná ti di ẹ̀kọ́ lójú rẹ̀.

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí á fi tòsì fà á mọ́ra. Eugene a máa fà á mọ́ra, síbẹ̀ ohùn Kambili kì í jáde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Agbéraga ni wọ́n pè é. Ìfàmọ́ra náà kò wo ọgbẹ́ sàn. Ìfẹ́ àti ẹ̀rù ni ó dà pọ̀ mọ́ ọmọ lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò sọ ìyà èwe di àyànmọ́. Ní ilé Ifeoma ní Nsukka, níbi tí ọmọdé ti ń bi àgbà ní ìbéèrè, ni Kambili ti kọ́ ẹ̀rín. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ tí a ń fi òwe yẹn gbe pàṣán lẹ́yìn tún un gbé yẹ̀wò.